Ẹja aṣọ felt (aṣọ nípọn tí wọ́n fi òwú tí a tẹ̀ pọ̀ ṣe) tí mò ń rán fún ọmọ mi já níbi ìrù

Ìyá Ọlọ́mọge: Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi pé ọdún 4. Mo ń rán ẹja fún un, kó máa fi ọ̀pá olóòfà pẹja. Mo ti rán 6. Lánàá ó fa ọ̀kan, ìrù já, òòfà inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Àyà mi já! Kí ni kí n ṣe?

Aránṣọ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ gbogbo òòfà yẹn. Tí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn nínú ìfun, kí wọ́n sì dá ihò sí i. Ẹ rán òrùka aṣọ sẹ́nu ẹja, kí ọ̀pá ní ìkọ́.

Bàbá Ìbejì: Ti ìrù, bóyá ẹ rán an súnmọ́ etí aṣọ jù. Mílímítà 3 ni mo máa ń fi sílẹ̀, kí ojú ìrán má sì jìnnà síra. Felt kì í tú létí, ẹ má wulẹ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọge: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ òòfà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹja pupa ti ní òrùka, ọmọ mi sì ti fi ìkọ́ gbé e!