Kàráwíyà, kúmínì àbí àgúnmu?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹnì kan nínú wa ní ìgò èròjà ọbẹ̀ tó fẹ́ kọ Yorùbá sí lára, ó wá béèrè pé kí ni ká máa pe caraway, wóró olóòórùn kan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n bá ti gún un. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: "kúmínì òyìnbó", "amúnisó" àti "àgúnmu inú". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò dọ́gba.

Kúmínì òyìnbó ló burú jù. Kúmínì ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́ láti inú Bíbélì. Mátíù 23:23, níbi tí Jésù ti bá àwọn Farisí wí pé wọ́n ń san ìdámẹ́wàá kúmínì, wọ́n sì pa òdodo tì. Ohun ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti caraway lóòótọ́, ìdílé kárọ́ọ̀tì làwọn méjèèjì ti wá, wóró wọn sì jọra lójú: tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ilà lára. Ṣùgbọ́n ẹ fi imú sí i. Kúmínì ń ta sánsán bí ìgbà téèyàn ṣí agolo kọ́rì. Òórùn caraway tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Carvone, èròjà kan nínú òróró rẹ̀, ló wà nídìí òórùn rẹ̀, carvone yìí náà ló sì wà nínú oríṣi minti kan, spearmint, àfi pé ọ̀kan rí sí èkejì bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe rí sí ọwọ́ òsì. Imú wa mọ ìyàtọ̀ wọn.

Àwọn tó ti da orúkọ méjèèjì pọ̀ ṣáájú wa ń jìyà rẹ̀ dòní. Ní Jámánì, Kümmel ni caraway; wọ́n wá ń pe kúmínì gan-an ní Kreuzkümmel. Ní Swídìn, kummin ni caraway, spiskummin ni kúmínì. Ẹni tó bá wo ojú ọ̀rọ̀ nìkan nínú ìlànà búrẹ́dì àwọn ará Swídìn, kúmínì ni yóò dà sí i, búrẹ́dì ọ̀hún á sì di nǹkan mìíràn. Kí la fẹ́ fi wàhálà yẹn ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà "òyìnbó" tí wọ́n tún so mọ́ ọn ò tọ́. Lẹ́nu àwọn Lárúbáwá ni wọ́n ti ń pè é ní karawya, àwọn ará Sípéènì ló sọ ọ́ di alcaravea. Àwọn tó ń lo gígún rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni àwọn ará Lẹ́bánónì, Síríà àti Palẹsitínì, tí wọ́n fi ń se meghli bí obìnrin bá bímọ. Ìyẹ̀fun ìrẹsì, ṣúgà, sínámónì àti caraway gígún ni wọ́n ń pò pọ̀ sínú omi, tí wọ́n á máa rò ó lórí iná bí ẹní ro ẹ̀kọ, títí yóò fi ki. Bó bá tutù nínú àwo, wọ́n á wọ́n àgbọn àti álímọ́ńdì tí wọ́n ti rẹ sómi sí i lórí. Ìyá ọmọ ń jẹ ẹ́, àlejò tó wá kí i náà ń jẹ ẹ́. Ní Tùnísíà, wọ́n ń gún un mọ́ aáyù, ata àti coriander, wóró olóòórùn mìíràn, wọ́n sì ń pe àdàpọ̀ náà ní tabil.

Amúnisó pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ìdí tí àwọn ará Jámánì fi ń dà á sínú kábéèjì ni pé kábéèjì a máa wú ni nínú, wọ́n sì gbà pé òun ló ń lé afẹ́fẹ́ náà jáde, yálà lẹ́nu tàbí níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé àwo Amúnisó síwájú àlejò tó wá kí abiyamọ? Ẹ tún wo efinrin. A ń fi se ọbẹ̀, a ń fi tọ́jú inú rírun, síbẹ̀ efinrin náà ni lábẹ́ ọwọ́ alásè àti lábẹ́ ọwọ́ oníṣègùn.

Àgúnmu ló ṣòro fún mi láti jù nù. Àgbo la ń sè tàbí rẹ, ètù la ń jó, àgúnmu la ń sá, tí a ń gún, tí a ń fi ẹ̀kọ tàbí omi gbígbóná mu. Ẹni tó bu ṣíbí kékeré caraway gígún sómi gbígbóná torí inú tó wú, àgúnmu ló mu yẹn, ẹ má jẹ́ ká jiyàn. Àmọ́ èyí tó wà nínú meghli kì í ṣe àgúnmu. Bí a ṣe lò ó ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe ohun tó jẹ́.

Kàráwíyà ni mo fi lélẹ̀, láti ẹnu Lárúbáwá, bí àlùbọ́sà ṣe gba ọ̀dọ̀ Háúsá wọlé láti ibẹ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ ká sì sọ pé "gígún", kì í ṣe "lílọ̀" tí ẹnì kan kọ. Ata gígún ni gbígbẹ, ata lílọ̀ ni tútù. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà ò ní ṣi èyí gbọ́ láé. Bí ẹ bá ní ẹ̀gúsí tó gbẹ tí a sì ń lọ̀ ńkọ́, òróró inú ẹ̀gúsí ló mú un yàtọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ odó.

Àmì ohùn ló kù. Mo fi ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọ̀ mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ń gbọ́ Lárúbáwá dáadáa, kó bá mi wò ó.