Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni apostrophe (àmì ' yẹn) máa ń wà nínú Gẹ̀ẹ́sì t'ó bá jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ló ni nǹkan?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ó yé mi pé t'ọ́rọ̀ bá ti ní s torí pé wọ́n pọ̀, ẹ̀yìn s yẹn ni apostrophe máa wà, bíi "the students' books", tí ò bá sì ní s, bíi children, 's la máa fi sí i, "children's books", ìyẹn ò le rárá. Ibi tó ń dà mí láàmú ni pé mo máa ń rí "teachers' union" níbì kan, kí n tún rí "teachers union" níbòmíì láìsí nǹkan kan lórí ẹ̀, wọ́n ń kọ Veterans Day (ọjọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ní Amẹ́ríkà) láìní apostrophe, síbẹ̀ ti Mother's Day wà ṣáájú s, bẹ́ẹ̀ ìyá kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń bá ṣe é. Ṣé òfin kan wà ni àbí ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń yan èyí tó wù ú? Etí ò sì lè ràn wá lọ́wọ́, torí student's àti students', ìró kan náà ni. Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ni o, mi ò fẹ́ kó rú wọn lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.