Ìbéèrè: ND Statistics ti wà lọ́wọ́. Statistics ló kàn àbí Data Science? Àti ọ̀rọ̀ sample ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́

Ọmọ Ẹ̀bútè (Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé ìṣirò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u palẹ̀.

Ẹni tó bá ní ND Statistics pẹ̀lú Upper Credit, tó ń gbé Ìkòròdú níbí, tó wá fẹ́ gba dìgírì, ṣé Statistics náà ni kó tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, àbí Data Science tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀?

Èkejì, ẹ jẹ́ ká fi project kan ṣe àpẹẹrẹ: iye owó tí àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ń pàdánù lọ́sẹ̀ nítorí ẹja tó bàjẹ́. Bí a bá fi iye àwọn ẹlẹ́ja sí 1,200, tí a sì lo fọ́múlà Yamane, èyí tí wọ́n fi ń wá iye ènìyàn tó yẹ kí a bi léèrè, pẹ̀lú e (àṣìṣe tí a gbà láàyè) = 0.05, sample (àwọn tí a máa bi léèrè) ènìyàn 300 ló ń jáde. Ṣé 300 tó lóòótọ́?

Ẹ̀kẹta, nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, SPSS ni àbí R? Kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ kò ju RAM 4GB lọ.

Oníṣirò Ẹ̀pẹ́

Àbúrò, èmi á mú èkejì, torí ibẹ̀ ni project púpọ̀ ti ń kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìṣirò yín péye: 0.05 × 0.05 jẹ́ 0.0025, 1,200 × 0.0025 sì jẹ́ 3, ẹ fi 1 kún un, ó di 4. 1,200 pín sí ọ̀nà 4 jẹ́ 300. Àmọ́ fọ́múlà yẹn ti gba àwọn nǹkan kan láìsọ. Ó gbà pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ ń wá, bíi “mélòó nínú wọn ló ní fìríìsà?” Ó gbà pé ìdáhùn lè pín sí ìdajì-ìdajì. Ó sì gbà pé ìwé orúkọ gbogbo wọn wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ máa fa orúkọ yọ nínú rẹ̀ bí ẹni ṣẹ́ kèké.

Ohun tí project yìí ń wá kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ló ń wá, ìyẹn ìpíndọ́gba náírà. Tó bá jẹ́ ìpíndọ́gba, ohun tó ń sọ iye ènìyàn tí ẹ nílò ni bí owó náà ṣe yàtọ̀ tó láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì, èyí tí à ń pè ní standard deviation. Kò sí ibi kankan tí Yamane ti béèrè rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹlẹ́ja bíi 30 léèrè kí ẹ lè mọ̀ ọ́n. Ká ní ó jẹ́ ₦6,000, tí ẹ sì fẹ́ kí ìdáhùn yín má fi ju ₦500 lọ jìnnà sí òótọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyí (1.96 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń lò fún ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún): 1.96 × 6,000 ÷ 500 jẹ́ 23.52, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 553.2. Nítorí pé 1,200 péré ni gbogbo wọn, ẹ pín 553.2 sí (1 + 553.2 ÷ 1,200), ó bọ́ sí 379. Àwọn kan kò ní dáhùn. Bí ẹ bá fi wọ́n sí 10 nínú 100, 379 ÷ 0.9 jẹ́ 421.1, ẹ gbé e sókè sí 422.

Ibi tó le jù nìyí o. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fa orúkọ yọ lẹ́yọ ẹyọ. Wọ́n á mú ìlà ìsọ̀ kan, wọ́n á bi ogún ènìyàn léèrè níbẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ìlà mìíràn. Àwọn tó wà ní ìlà kan náà sì máa ń jọra: wọ́n ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja kan náà, wọ́n ń ra yìnyín níbì kan náà. Ènìyàn ogún tó jọra kò fún yín ní ìmọ̀ ènìyàn ogún. Ohun tí wọ́n fi ń wọn àdánù yẹn ni design effect: 1 + (m − 1) × ρ. m ni iye ènìyàn tí ẹ bi ní ìlà kan, ρ ni ìwọ̀n bí wọ́n ṣe jọra tó. Bí m bá jẹ́ 20, tí ρ sì jẹ́ 0.05 péré, ó jẹ́ 1.95. Ìyẹn ni pé 379 yín á di 740, bí ẹ bá sì tún ro àwọn tí kò ní dáhùn mọ́ ọn, ó di 823. 823 nínú 1,200! Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyẹn, kó kúkú bi gbogbo ọjà.

Nítorí náà, ẹ fi ìlà ìsọ̀ sílẹ̀. Ẹ pín ọjà sí ọ̀wọ́ nípa irú ẹja, kí ẹ sì fa orúkọ yọ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹja tútù ló ń bàjẹ́ jù, owó ibẹ̀ ló sì ń yàtọ̀ jù, torí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú ènìyàn púpọ̀ sí i. Láti 1934 ni Jerzy Neyman, onímọ̀ statistics, ti fi hàn pé ọ̀wọ́ tí iye inú rẹ̀ bá ń yàtọ̀ jù ló yẹ kó gba sample tó pọ̀ jù ní ìwọ̀n bó ṣe tóbi tó. Ká ní 400 ń ta ẹja tútù, 800 ń ta ẹja yíyan àti edé. Ẹ lè mú 200 nínú àwọn ẹlẹ́ja tútù, 222 nínú àwọn yòókù. Àmọ́ nígbà ìṣirò, ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹ́ja tútù dúró fún ènìyàn 2, ẹnì kan nínú àwọn yòókù dúró fún 3.6. Bí ẹ bá gbàgbé ìwúwo yìí, tí ẹ kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí ẹ pín in, ẹja tútù á fa ìpíndọ́gba yín sókè, àdánù ọjà á sì dà bíi pé ó ju bó ṣe rí lọ.

Ìyá Tíṣà (Àgbádárìgì)

Ẹ kú àlàyé, Oníṣirò. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ilé ìwé.

Ẹ wo bí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ṣe tò wọ́n nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023. Abẹ́ Sciences ni Statistics wà, abẹ́ Computing ni Data Science wà. Orí ìyẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ ti ń wá. Ẹni tó wà ní Statistics á jẹ probability (ìṣirò bí nǹkan ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó), sampling (yíyan àwọn tí a máa bi léèrè), design of experiments (títò ìdánwò) àti inference (fífi ìdáhùn díẹ̀ mọ ti gbogbo) yó. Ẹni tó wà ní Data Science á pẹ́ nídìí kíkọ kóòdù, database (ibi ìkó dátà sí) àti machine learning (kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti fi dátà kẹ́kọ̀ọ́). CCMAS fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lélẹ̀, ó fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ má fi orúkọ kọ́ọ̀sì yan ilé ìwé. Ẹ gba ìwé ẹ̀kọ́ wọn, kí ẹ ka 30 yẹn.

Fún ẹni tó ti ní ND Statistics, Statistics ni mo máa sọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Kóòdù, ènìyàn lè fúnra rẹ̀ kọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí Oníṣirò ṣàlàyé lókè yẹn, ó ṣòro kí ènìyàn tó dá a kọ́ láìsí olùkọ́ tó ń bá a wí. Bó bá jẹ́ pé ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi dátà ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló wù ú láti máa kọ, kó lọ sí Data Science.

Direct Entry ti JAMB ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ní ND sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 200 level. Kírẹ́dítì márùn-ún ti WAEC tàbí NECO gbọ́dọ̀ wà, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn yunifásítì kì í béèrè ohun kan náà: ibì kan á gba ND, ibòmíràn kò ní gbà á fún kọ́ọ̀sì kan náà. Orí IBASS, ìkànnì JAMB tó ń sọ ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè, ni kí ẹ ti wò ó kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó jókòó sí káfè. UI, UNILAG, FUNAAB, FUTA àti UNILORIN ló ní Statistics, Abẹ́òkúta tí FUNAAB wà kò sì jìnnà púpọ̀ sí Ìkòròdú. Ẹ yẹ LASUSTECH tó wà nínú Ìkòròdú yín náà wò lórí IBASS, nítorí láti 2022 tí Lagos State Polytechnic ti di yunifásítì ni ètò ibẹ̀ ti yí padà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni pé: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jáde lọ gba dátà fúnra rẹ̀ kó tó di ọdún tó gbẹ̀yìn? Ṣé wọ́n ní ibi tí àwọn ẹ̀ka mìíràn ti ń gbé ìṣòro dátà wá, bí UI-LISA, ibi ìṣirò dátà ti UI, ṣe wà ní Ìbàdàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá oníṣègùn àti àgbẹ̀ yanjú dátà wọn á mọ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ.

HND náà dára o, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe máàsítà lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ gba PGD (dípúlómà tó ṣáájú máàsítà). Ọdún kan sí i nìyẹn, owó sí i nìyẹn. Ẹni tó bá gba dìgírì tó dára lè wo AIMS (African Institute for Mathematical Sciences) náà, tó ní ilé ẹ̀kọ́ ní Gúúsù Áfíríkà, Gánà, Sẹ̀nẹ̀gà, Kamẹrúùnù àti Rùwáńdà; wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ máàsítà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ará Àgbálátà

Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a máa bi léèrè. Ọjọ́ tí a máa bi í ńkọ́?

Ọjà wa ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjà tó bá jẹ́ ọrọọrún, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ń bọ̀ lórí kàlẹ́ńdà, torí pé àwa máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń lọ ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ ọjà nìkan lẹ máa bá títí iṣẹ́ á fi parí, tàbí kí ẹ má bá ọjọ́ ọjà kankan. Àbájáde méjèèjì á dà bí òótọ́ lójú ìwé, irọ́ sì ni méjèèjì. Ẹni tó bá ń lọ ní gbogbo Ọjọ́rú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á bá ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kan péré, torí 7 àti 4 kì í pàdé àfi ní ọjọ́ 28. Ohun tó dára ni kí ẹ fi ọjọ́ 28 gbáko ṣe fíìlì, kí ẹ pín àwọn tí ẹ fẹ́ bi káàkiri ọjọ́ náà. Gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ á bá ọjọ́ ọjà pàdé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún “agbọ̀n kan”. Agbọ̀n ẹlẹ́ja kan lè fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì. Ẹ gbé òṣùwọ̀n dání, kí ẹ wọn bíi agbọ̀n mẹ́wàá nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìpíndọ́gba rẹ̀ sọ agbọ̀n di kìló. NBS, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú GHS-Panel, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe léraléra láàárín àwọn ilé.

Ọmọ Ẹ̀bútè (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á túnbọ̀ là yín lóye. Oníṣirò, bí kò bá sí ìwé orúkọ ní ọjà ńkọ́? Ṣé a lè lo ti ìkànìyàn ìjọba?

Oníṣirò Ẹ̀pẹ́

Ìkànìyàn kọ́. Ti 2006 ló kẹ́yìn, àwọn ilé ló sì kà, kò ka ìsọ̀. Ẹ sì rántí pé ìjọba àpapọ̀ kéde èyí tó ju mílíọ̀nù mẹ́sàn-án díẹ̀ lọ fún Èkó nígbà náà, ìjọba Èkó ní tirẹ̀ kéde èyí tó ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún lọ. Ẹni tó bá fi èyíkéyìí ṣe ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé èwo lòun mú.

Ẹ lọ rí Ìyálọ́jà, kí ẹ ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Bí ẹ bá fo èyí, gbogbo ìdáhùn nípa owó á já sí àbùmọ́ tàbí àbòmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìparí, kí wọ́n fún ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n kọ irú ẹja tó ń tà. Kí wọ́n tún un rìn ní ọjọ́ ọjà, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ẹja sílẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń wá. Ìwé yẹn ni kí ẹ fa nọ́ńbà yọ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ tí ẹ ò bá onísọ̀, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ má bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹni tí kì í gbélé ìsọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ ń yá jù.

Atẹ̀kóòdù (Ìgbógbó, Ìkòròdú)

Ẹ̀kẹta ṣẹ́ kù. R. RAM 4GB pọ̀ tó. Ìlà dátà 422 (ẹnì kan, ìlà kan) kò ju ohun tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Owó SPSS kì í ṣe kékeré, ẹ̀dà tí wọ́n jí tí wọ́n ń tà káàkiri sì máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Bí olùtọ́sọ́nà bá ní àfi SPSS, PSPP jọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni òun náà.

KoboToolbox lórí fóònù ni kí ẹ fi gba ìdáhùn, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ààlà sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kó má gba ọjọ́ orí tó wà lábẹ́ 15 tàbí tó ju 95 lọ. Ẹ má fi 99 dípò “kò dáhùn”. Ká ní ènìyàn 36 nínú 40 dáhùn, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 38. Bí 99 mẹ́rin bá yọ́ wọlé, ó di 44.1, kò sì sí ohun tó máa pariwo. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ rí i pé R kà á sí NA (kò sí ìdáhùn).

Pákéèjì R tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ survey, ti Thomas Lumley, ló mọ ìwúwo àti ọ̀wọ́:

des <- svydesign(ids=~1, strata=~owo, weights=~iwuwo, fpc=~gbogbo, data=d)
svymean(~padanu, des, na.rm=TRUE)
svyby(~padanu, ~owo, des, svymean, na.rm=TRUE)

“owo” ni ọ̀wọ́ (irú ẹja), kì í ṣe owó; “padanu” ni owó tí ẹnì kan pàdánù; “gbogbo” ni iye ẹlẹ́ja tó wà nínú ọ̀wọ́ náà, 400 tàbí 800. “iwuwo” gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn tó dáhùn gan-an: bí 180 bá dáhùn nínú ẹja tútù, 400 ÷ 180 ni, kì í ṣe 2 mọ́. mean() lásán kò mọ gbogbo èyí, kì í sì í fún yín ní standard error (ìwọ̀n bí ìdáhùn sample ṣe lè jìnnà sí òótọ́ tó) kankan. Ẹ fi svyquantile wá ìdáhùn tó wà láàárín náà, torí owó àdánù máa ń ní àwọn díẹ̀ tí tiwọn ga fíofío. Ẹ má yọ àwọn yẹn dànù. Ẹ padà lọ yẹ̀ wọ́n wò bóyá òdo kan ló lé.

Ẹni tí owó fíìlì bá nira fún lè gba dátà GHS-Panel lórí ìkànnì NBS, ilé bíi 5,000 láti 2010/11. Àmọ́ fún orílẹ̀-èdè àti ẹkùn mẹ́fà ni wọ́n ṣe é. Ilé tó bá ti Ẹ̀pẹ́ wá nínú rẹ̀ kò tó láti sọ ohunkóhun nípa Ẹ̀pẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi kọ àkọlé “ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́”.

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ẹlẹ́ja, ẹ kó wọn sí fáìlì ọ̀tọ̀ tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí nọ́ńbà ìsọ̀ nìkan kù nínú dátà tí ẹ máa fún olùtọ́sọ́nà. Òfin ààbò dátà ti 2023 béèrè pé kí ẹ dáàbò bo dátà ènìyàn, kí ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ pa fáìlì orúkọ náà rẹ́.