Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sáré: ìrírí àwa awakọ̀ mẹ́ta tí ó ṣẹlẹ̀ sí

Ọkọ̀ tí mo ń wà nígbà náà jẹ́ oníjíà ọwọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé bí mo bá wà ní jíà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tí mo sì tẹ iná láti ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á ròkè lójijì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní lọ bí ó ti yẹ. Mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ méjèèjì tí ó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: èyí tí ó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì fò láti nǹkan bí 2,500 kọjá 4,000, nígbà tí èyí tí ó ń ka eré ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá ní tọ́rọ́tù (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ni, pé kí a tú u fọ̀, kí a sì pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. N kò gbà. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá di ẹ́ńjìnnì mú ṣinṣin mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kò sí bí ìyípo ẹ́ńjìnnì ṣe lè ròkè nínú jíà kan náà kí eré ọkọ̀ má bá a ròkè, nítorí irin ni ó so wọ́n pọ̀. Bí tọ́rọ́tù bá ń há, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, ẹ́ńjìnnì á ké lóòótọ́, pàápàá bí ọkọ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n nínú jíà, ńṣe ni ọkọ̀ á fẹ́ máa sáré ju bí awakọ̀ ṣe fẹ́ lọ. Tèmi ń ké, kò sì sáré. Agbára ń jáde, kò kàn dé táyà ni, bí ẹni tí ó ń sáré nínú ẹrẹ̀: ẹsẹ̀ ń lọ, ara wà lójú kan.

Mo ní kí a dán kílọ́ọ̀ṣì wò. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ẹnikẹ́ni kò sí níwájú wa, mo fa bíréèkì ọwọ́, mo tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́ ọn, mo ki jíà kẹta, mo sì rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì tí ó dára á pa ẹ́ńjìnnì náà lójú ẹsẹ̀. Tèmi kò kú. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nínú jíà rárá, òórùn ohun tí ó ń jóná sì gba inú ọkọ̀. (Ẹ má ṣe é léraléra o, ìdánwò yìí fúnra rẹ̀ a máa jẹ díìsì, àwo tí ó wà nínú kílọ́ọ̀ṣì.)

Nígbà tí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, díìsì kílọ́ọ̀ṣì kò tíì gbó. Ọ́ìlì ni ó rin ín. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, bí mo sì ṣe fi ìka nù ún, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ká ní ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ni, òórùn rẹ̀ ì bá ta sí wa nímú, síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) iwájú gíábọ́ọ̀sì ni à bá sì lọ wò. Síìlì tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí kíráǹkì (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí) ti yọrí sí fìláíwíìlì (àwo irin ńlá tí kílọ́ọ̀ṣì ń dì mọ́), ni ó ya. Bí a bá fi díìsì tuntun sí i láìpààrọ̀ síìlì yẹn, ọ́ìlì á tún rin tuntun náà. A pààrọ̀ díìsì, pírẹ́ṣọ̀ pléètì tí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ fìláíwíìlì, àti bíárìn kílọ́ọ̀ṣì pọ̀, nítorí sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ ni ó gba iṣẹ́ jù, kò sì yẹ kí a tún un ṣe nítorí bíárìn kan ṣoṣo.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọtọmátíìkì ni tèmi, nítorí náà ìdánwò yín kò bá a mu. Bí mo bá fi sí D (ipò ìrìn) ní òwúrọ̀, á lọ́ra kí ó tó gbéra. Láàárín jíà kejì àti ìkẹta, ẹ́ńjìnnì á ké sókè kí jíà tó mú. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, kódù P0730 jáde, èyí tí ó ń sọ pé ìyípo tí ó wọ inú jíà àti èyí tí ó jáde kò bá ara wọn mu. Ẹnì kan ti ní kí n lọ ra jíà mìíràn, bẹ́ẹ̀ kódù yẹn kò sọ ohun tí ó fà á.

Mo ní kí a kọ́kọ́ wo ọ́ìlì jíà. Bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí, a jẹ́ kí ó gbóná, a fi í sí P (ipò ìdúró) lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ìwé tiwọn ní kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì kò dé àmì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì pupa, kò sì rùn. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí bí ó bá ti dúdú tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, àwọn díìsì inú jíà ti ń jẹ nìyẹn, ọ́ìlì tuntun kò sì lè dá wọn padà. Lára rọ́bà tí ó ń gbé ọ́ìlì lọ sí rédíétọ̀ ni ó ti ń jò, kílíìpù rẹ̀ ti tú. A pààrọ̀ méjèèjì, a rọra bu irú ọ́ìlì tí ìwé sọ sí i títí ó fi dé àmì, jíà sì mú.

*

Ní tèmi, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké lójú ọ̀nà gbooro, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ ń bá a lọ. Iná O/D OFF ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹnì kan ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì ara ọ̀pá jíà, jíà tí ó ga jù kò sì lè wọlé. Mo tún un tẹ̀, ariwo lọ sílẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ CVT (irú ọtọmátíìkì tí kì í pààrọ̀ jíà ní ìpele ìpele), kí ó má bẹ̀rù bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè tí ó dúró sókè nígbà tí ó tẹ iná, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bí eré kò bá tẹ̀ lé ohùn yẹn nìkan ni kí ó lọ yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, kí ó sì rí i pé ti CVT gan-an ni wọ́n bù sí i, kì í ṣe ti ọtọmátíìkì lásán.