Oṣù méjì láìsí owó oṣù: èló ni kí olùkọ́ máa yọ sọ́tọ̀?

TíṣàTuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùkọ́. Oṣù mẹ́wàá péré ni wọ́n ń sanwó fún wa. Tí ọlidé gígùn bá dé, oṣù méjì gbáko, kò sí kọ́bọ̀. Mo ti gba owó oṣù mẹ́rin, mo sì ti ná an. Ó ku mẹ́fà. Èló ni kí n máa yọ, ibo ni kí n sì máa fi í sí?

Oníṣirò: Ká ní 300 ló ń wọlé lóṣù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún á pín 3000 sí oṣù 12: á máa ná 250, á máa yọ 50. Ẹ̀yin ti pẹ́ díẹ̀. Mẹ́fà tó kù jẹ́ 1800, ẹ pín in sí oṣù 8, ó di 225. 75 ni ẹ óò máa yọ, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ta díẹ̀. Iye tó wọ àkántì lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí àti ti ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ fi ṣirò o.

ÌyáKíláàsì: Ẹ ò tíì ka oṣù ìwọlé mọ́ ọn. Bí ilé ìwé bá wọlé ní àárín oṣù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ààbọ̀ owó ni wọ́n máa kọ́kọ́ san. Oṣù méjì àbọ̀ lẹ fẹ́ bò nìyẹn: 1800 pín sí 8.5, bíi 212. Ẹ yọ 88. Owó tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tún wà, bí ìbánigbófò àti ìwé ọkọ̀. Èyí tó bá bọ́ sínú ọlidé, ẹ pín in sí mẹ́fà, ẹ fi kún 88 yẹn.

Oníṣirò: Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Mo gbà.

Akápò: Àkántì ọ̀tọ̀ tí kò ní káàdì ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ ní kí báńkì máa gbé 88 lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí owó bá wọlé. Ẹni tó bá ní òun á yọ èyí tó bá ṣẹ́ kù níparí oṣù, kì í sábà rí nǹkan yọ. Tí ọlidé bá dé, ẹ yí i padà: kó máa gbé 212 wá ní ọjọ́ tí ẹ sábà máa ń gbowó. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ owó elélé tí wọ́n ń tì pa, ẹ rí i pé ọjọ́ rẹ̀ pé kí ọlidé tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá yọ ọ́ ṣáájú sábà máa ń pàdánù èlé.

Ní ti ọdún tó ń bọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè pín owó yín sí 12. Àwọn ibì kan ń ṣe é, àmọ́ wọ́n sábà máa ń fẹ́ gba ìwé rẹ̀ kí ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í sábà lélé, ṣùgbọ́n ó dáa fún ẹni tí owó kì í gbé lọ́wọ́ rẹ̀.

TíṣàTuntun: Ẹ ṣé gan-an. Owó lẹ́sìnnì ọlidé ńkọ́? Ṣé kí n fi dín 88 kù?

ÌyáKíláàsì: Rárá o. Òbí lè yí ọkàn padà lójijì. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé ná, kẹ́ ẹ tó dín 212 oṣù yẹn kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àkántì kejì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ti ọdún tó ń bọ̀.