Gíà Camry tí kò bá Camry mu: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ gíà mọ́tò mi. Camry 2003 ni mò ń gùn, ẹ́ńjìnì 2.4 tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE. Nígbà tí gíà rẹ̀ fẹ́ kú, ó kọ́kọ́ ń yọ̀. Màá tẹná, ẹ́ńjìnì á ké, mọ́tò ò ní sáré. Nígbà tó yá, kò fẹ̀yìn rìn mọ́ rárá.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ní ká wá gíà àlòkù. A rí ọ̀kan tí wọ́n tú lára Camry 2005. Ẹ́ńjìnì kan náà ni, ibi tí gíà ti ń pàdé ẹ́ńjìnì ò sì yàtọ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Camry sí Camry ni." Èmi náà gbà. Bóòtù wọlé wẹ́rẹ́. Ìgbà tó kan orí wáyà ni wàhálà dé.

Gíà ti 2003 yẹn, U241E ni nọ́ńbà ara rẹ̀, ojú gíà mẹ́rin ló ní. Ti 2005, U250E ni, ó ní márùn-ún. Àwọn solenoid tó ń darí ọ́ìlì nínú ìkejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà orí wáyà wọn ò lè bára mu. Bréènì bọ́ọ̀sì mọ́tò mi sì rèé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà, ojú gíà mẹ́rin ló mọ̀. Ìkarùn-ún ò sí nínú ìwé tirẹ̀.

Rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe, so èyí tó lè so. Mọ́tò rìn, ṣùgbọ́n iná ẹ́ńjìnì ò kú, ojú gíà kan ló sì dúró sí. Tí mo bá fà á sí D, á gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé ẹnì kan fi mọ́tò rọ́ lù mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gùn ún bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí títí dòní pé mi ò tètè dá a dúró.

Rewáyà yẹn ló là mí lójú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má wo orúkọ mọ́tò mọ́, nọ́ńbà ara gíà ni kí ẹ wò." Gíà tó wá bá tèmi mu, ara Solara 2004 ló ti wá: U241E, ẹ́ńjìnì kan náà, orí wáyà wọnú ara wọn bí ìbejì. Orúkọ mọ́tò yàtọ̀, gíà ò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún bèèrè final drive o, ìyẹn eyín ìkẹyìn inú gíà tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Nọ́ńbà lè bára mu kí eyín ìkẹyìn yẹn yàtọ̀, ẹ́ńjìnì á wá máa yí ju bó ṣe yẹ lọ ní eré kan náà.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e sókè, mo dúró tì wọ́n. Wọ́n ń yí torque converter, irin roboto tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì wọnú gíà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tì í wọnú gíà. Ó dún kọ̀, ó wọlé; ó tún dún kọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ní ó ti tó. Ọ̀gá ní kó tún yí i, ló bá tún rì wọlé sí i. Lẹ́yìn náà ọ̀gá gbé irin tó gún régé dábùú ẹnu gíà, ó fi rúlà wọn bó ṣe jìn tó. Ọ̀rẹ́ mi kan ò rí ẹni ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Tirẹ̀ ò tíì wọlé tán tí wọ́n fi ní bóòtù á fà á wọlé, pọ́ńpù inú gíà sì fọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sítáátì rẹ̀.

A fọ páìpù tó ń lọ sí rédíétọ̀, torí ìdọ̀tí gíà àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì T-IV la dà sí i, kì í ṣe WS táwọn Camry 2007 ń lò. Nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, mo tẹ bíréèkì, mo fa gíà láti P dé L, mo dá a padà, mo wá fa gééjì ọ́ìlì gíà yọ láìpa ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì dé ojú ìlà HOT, ó pupa, kò rùn.

Mo fà á sí R. Mọ́tò fẹ̀yìn rìn jáde jẹ́jẹ́, kò gbá mi.