Ilé onígi àtijọ́ tó wà ní Alfriston: báwo ló ṣe dúró títí dòní?

Àbẹ̀kẹ́Brighton:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ilé àtijọ́ àwọn òyìnbó kó bá mi dá sí i. Ìjọ wa kó wa lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Alfriston, East Sussex níbí, létí odò Cuckmere. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Clergy House, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew ló wà, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé ẹ̀, igi àti amọ̀ ni ara ẹ̀, wọ́n ní láti àwọn ọdún 1300 ló ti wà! Ilé yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Báwo ni igi ṣe wá dúró nínú òjò ìlú yìí tí kò jẹrà? Kí ló dé tí àárín ilé yẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu títí dé òrùlé, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní yàrá òkè? Wọ́n tún ní £10 péré ni National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́ níbí, fi rà á, ṣé òótọ́ ni? Ọkọ ọ̀rẹ́ mi náà ń wá ilé listed (ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò) rà lábúlé kan ní Kent, ẹ bá mi sọ ohun tó yẹ kó mọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nàSussex:
Sista, ẹ kú ìbéèrè, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí. Irú ilé tẹ́ ẹ rí yẹn, Wealden house ni wọ́n ń pè é, Kent àti Sussex ló pọ̀ sí jù. Àárín tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun tí wọ́n ti ń gbàlejò, àárín ilẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń dáná sí, kò sí ṣímínì nígbà yẹn, èéfín á kàn gòkè á sì gba inú òrùlé jáde, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè gbé yàrá lé e lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gun òkè àjà ẹ máa rí i pé dúdú èéfín iná ayé ìgbà yẹn ṣì wà lára igi. Fèrèsé wọn náà ò ní gíláàsì, pákó ni wọ́n fi ń tì í. Ìgbà tó yá tí ṣímínì dé ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní irú ilé yìí wá tẹ́ pákó sáàárín tí gbọ̀ngàn di ilé alájà méjì, ṣùgbọ́n ti Alfriston ṣì ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé kò jẹrà, igi oak ni. Tútù ni wọ́n ti ń gé e tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, torí tó bá gbẹ tán ó máa ń le bí irin. Wọ́n á lu ihò sára igi kan, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí èkejì, wọ́n á ti ahọ́n bọ ihò, wọ́n á wá fi èèkàn igi oak kàn án pa, kò sí ìṣó níbẹ̀. Bí igi yẹn bá ṣe ń gbẹ ló ń fún mọ́ra wọn sí i. Àlàfo tó wà láàárín igi sí igi, ọ̀pá wẹ́wẹ́ ni wọ́n hun síbẹ̀ kí wọ́n tó fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Òkúta ló wà nísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ igi má bàa kan ilẹ̀ tútù, etí òrùlé sì yọ síta dáadáa kí òjò má bàa lu ara ògiri. Àwa ọmọ Yorùbá náà mọ iṣẹ́ yẹn, ẹ rántí koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́.

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn? Ẹfun ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi wàrà kíkan dì í. Mo fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn ju gbogbo ibi yòókù nínú ilé náà lọ.

BàbáOnítàn:
Òótọ́ ni o, £10, lọ́dún 1896. Ilé àkọ́kọ́ tí National Trust rà nìyẹn, 1895 ni Octavia Hill, Robert Hunter àti Hardwicke Rawnsley dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, ilẹ̀ kan ní Wales tó ń jẹ́ Dinas Oleu sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ilé Alfriston yẹn ti bàjẹ́ gan-an nígbà yẹn. Ó ti di ilé àwọn lébìrà, ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ín sì ti fẹ́ wó o. Àlùfáà abúlé yẹn, F. W. Beynon, ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ wó o, ó ń wá ìrànlọ́wọ́ kiri, ẹgbẹ́ tí William Morris dá sílẹ̀ ní 1877 fún ìdáàbòbò ilé àtijọ́ náà dá sí i, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ Trust. Alfred Powell ni ayàwòrán-ilé tó bójú tó àtúnṣe ẹ̀. £10 yẹn kéré lóòótọ́, àtúnṣe ló gbówó. Ẹ jẹ́ ká wò ó pé kò tíì sí òfin listed kankan nígbà yẹn, 1947 ni òfin tó fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ dé. Èèyàn ló gba ilé yẹn là, kì í ṣe ìjọba.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:
Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra. Ilojo Bar tiwa ní Tinubu Square, ilé àwọn Àgùdà tó ti wà láti 1855, 1956 ni ìjọba ti kéde ẹ̀ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016. Òfin wà nílẹ̀ o, wọ́n ṣì wó o. Mo ṣì ń bínú.

ÌyáTóbi_Kent:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sista Àbẹ̀kẹ́, inú ilé Grade II là ń gbé, ẹ bá mi sọ fún ọkọ ọ̀rẹ́ yín kó fara balẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni ilé listed ní: I, II* àti II. Ti Alfriston yẹn II* ni, èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, II ni. Àwọn èèyàn rò pé iwájú ilé nìkan ni wọ́n ń dáàbò bò, irọ́ ni, inú ilé wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe iṣẹ́ tó yí ìrísí ilé padà láìgba àṣẹ kánsù, ọ̀ràn tó lè gbéèyàn dé kóòtù ni, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì wà níbẹ̀ tàbí owó ìtanràn. Gíláàsì onílọ̀ọ́po méjì tí gbogbo èèyàn ń fi sí fèrèsé, wọn kì í sábà gbà á, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè fún gíláàsì kejì tí wọ́n ń gbé sínú ilé lẹ́yìn fèrèsé àtijọ́, ìyẹn máa ń rọrùn fún wọn. Àṣẹ yẹn, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún ìwé ìbéèrè ẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: tí ẹni tó ta ilé fún yín bá ti ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á ni kánsù máa wá bá, kódà kó ti tó ogún ọdún. Tiwa, ẹni tó ni ilé ṣáájú fi síméńtì rẹ́ gbogbo ara ògiri, omi há sínú, igi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àfìgbà tá a ṣí i kúrò tá a fi lime (ohun ìrẹ́lé àtijọ́ tí kì í há omi mọ́nú) rẹ́ ẹ kí ara ilé lè mí. Owó ńlá ni.

Àbẹ̀kẹ́Brighton:
Háà, ẹ ṣeun gan-an! Ṣé surveyor (ẹni tó ń yẹ ilé wò) lásán lè rí irú síméńtì yẹn kéèyàn tó ra ilé?

Gbẹ́nàgbẹ́nàSussex:
Kó má lo surveyor tó ń wo ilé bíríkì tuntun o. Kó wá ẹni tó mọ ilé onígi, kó ní kó yẹ ẹsẹ̀ igi tó wà nísàlẹ̀ wò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kí lọ́yà ẹ̀ sì gba gbogbo ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó tó san owó kankan. Tó bá jẹ́ olórùlé koríko, kó béèrè ìgbà tí wọ́n tún téńté òrùlé ṣe kẹ́yìn, torí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ ẹ̀. Kó tètè bá àwọn oní-insurance sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ti ilé koríko máa ń wọ́n.